Etí Ọgbẹ́

Ọjọ́ kẹsàn-án ni mo sín.
Ọyẹ́ ti mú Ọ̀yọ́ láti ìdájí,
eruku ọ̀nà Ìsẹ́yìn wọlé láìkan ilẹ̀kùn.
Mo sín lẹ́ẹ̀kan, mo di imú mú,
mo sín lẹ́ẹ̀kejì,
nǹkan sì já, bí òwú ṣe ń já lẹ́nu abẹ́rẹ́.
Kò dún. Èmi nìkan ni mo gbọ́.

Dígí fi hàn mí:
awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó pín ihò imú méjèèjì níyà
ti la ẹnu bí ọmọ ẹyẹ,
ó pupa, ó tutù, ó ń retí.
Owó àjọ oṣù mẹ́rìnlá
ni mo kó lọ fún wọn ní Lẹ́kí
kí wọ́n lè bá mi ṣe imú ṣóńṣó.
Mo pè wọ́n. Fóònù ń dún, kò sẹ́ni tó gbé e.

Bàbá mi ń gbẹ́ igbá ní Jábàtá.
Láti ọjọ́ tí mo ti fi báńdéèjì dé
kò bá mi sọ ju "ṣé o ti jẹun?" lọ.
Imú ìyá rẹ̀ ni mo lọ gé dànù,
imú fífẹ̀ tí wọ́n fi ń mọ̀ wá lágbolé,
tó jókòó sójú bí àgbà tó jókòó sórí àpótí.
Mi ò mọ̀ pé mo mú nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀.
Mo rò pé ojú tèmi ni.

Ṣùgbọ́n ohun tó bá ojú, ó bá imú.
Nígbà tó rí ọgbẹ́ náà, ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀,
ó nu ọwọ́ sí ṣòkòtò, ó wọ bàtà.
Mọ́tò Ògbómọ̀ṣọ́ la wọ̀,
òun lẹ́bàá fèrèsé, kó lè bá mi dí atẹ́gùn.

Dókítà Olóyèdé, obìnrin kúkúrú,
tan iná sí mi nímú, ó pòṣé.
"Wọ́n fà á le jù. Ọyún sì ti wà nínú rẹ̀.
A ò ní rán an lónìí."
Ọjọ́ márùn-ún oògùn àti omi iyọ̀,
ọjọ́ márùn-ún tí mo fi sùn ní jíjókòó
nílé àbúrò ìyá mi ní Tákí.
Ọjọ́ kẹfà, ó ní:
"Etí ọgbẹ́ ti gbẹ. Èyí tó ti gbẹ kì í lẹ̀ mọ́ra.
Màá gé e díẹ̀, kó tún ṣẹ̀jẹ̀,
kí ẹ̀jẹ̀ lè mọ ẹ̀jẹ̀."

Wọ́n fún bàbá mi ní ìbòmú, ó dúró sí igun.
Ogójì ọdún ló ti ń rán igbá tó sán:
irin gbígbóná á dá ihò síhìn-ín, sọ́hùn-ún,
okùn á wọlé, igbá á tún gba omi.
Ṣùgbọ́n igbá kì í ṣẹ̀jẹ̀.
Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó ń kọ́ iṣẹ́.

Lẹ́yìn abẹ́rẹ́ tó ń pa ara kú
kò kù ju fífà lọ,
òwú dúdú tó tín-ínrín ju irun ìpéǹpéjú
ń kọjá, ó ń padà.
Òun ń rán, èmi ń rántí
bí màmá àgbà ṣe máa ń fi imú yẹn gbóòórùn òjò
kí ìkùukùu tó ṣú.
Ní ìrán kẹrin, ohùn kan ti ẹ̀yìn ìbòmú jáde:
"Ẹ má dè é le jù, dókítà.
Ibi okùn gan-an ni yóò ti tún sán."
Nọ́ọ̀sì wo ilẹ̀.
Dókítà dúró, ó wo òwú náà,
ó tú u, ó tún un dè jẹ́jẹ́.

Wọ́n ní kí n má sín fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta,
àfi bí ẹni lè pàṣẹ fún ọyẹ́.
Nínú mọ́tò, bàbá mi ṣí fìlà, ó nà án sí mi kí n fi bo imú,
fìlà tó ń run èéfín àti èèpo igbá.
"Àtọ́kẹ́. Àpá yóò wà o."
"Mo mọ̀."
"Kò burú. Igbá rírán ni ìyá mi fi mu ẹ̀kọ títí ó fi kú."

Mi ò sọ fún un
pé mo ṣì fẹ́ràn ṣóńṣó orí rẹ̀ díẹ̀.
Eruku dé. Mo fi ẹnu mí.